Bí a ṣe lè fi fíìmù nípa ìdáǹdè àwọn Júù han ará àdúgbò ní Kábbà

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lójúmọmọ. Fíìmù Schindler's List (1993) fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àwọ̀, dúdú àti funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wọ gbọ̀ngàn, ibi tó ṣókùnkùn nínú àwòrán á dà bí eérú, ojú èèyàn ò ní hàn mọ́. Ẹ jẹ́ kílẹ̀ ṣú dáadáa. Ìṣẹ́jú 195 ló gùn, nítorí náà ó dáa kẹ́ ẹ pín in sí alẹ́ méjì.

Ẹ fa aṣọ funfun tí àwòrán máa hàn lára rẹ̀ le, kẹ́ ẹ so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kì í gba okùn méjì gbọ́. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ilé, torí wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gan-an nínú fíìmù yìí. Wáyà tó gùn tó sì tín-ín-rín kì í gbé iná dé dáadáa, projector á máa kú. Ẹ lo èyí tó nípọn.

Kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fáwọn àgbà ní èdè Òwé, ìyẹn èdè ìbílẹ̀ Kábbà, pé Jámánì gbógun ti Pólàǹdì ní 1939, àti pé oníṣòwò ará Jámánì kan fi iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ dáàbò bo Júù tó lé ní 1,000. Ògbufọ̀ kan ṣoṣo ti tó. Nígbà tí ọmọdébìnrin alẹ́wù pupa bá ń kọjá, kó dákẹ́ pátápátá: àwọ̀ yẹn ló ń sọ̀rọ̀.

Fíìmù yìí le jù fọ́mọdé. Fáwọn ọ̀dọ́ iléèwé, One Life (2023) sàn jù: ó dá lórí bí Nicholas Winton, ará Gẹ̀ẹ́sì kan, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe kó ọmọ 669, tí Júù pọ̀ jù nínú wọn, kúrò ní Prague, olú-ìlú Czechoslovakia nígbà náà.