Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta tẹ́tẹ́ lórí fóònù, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa. Kò sẹ́ni tó bi mí, àmọ́ ohun tí mo rí nílé wa l'Adó-Èkìtì kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Aago méjì òru, àbúrò mi jókòó sórí ẹní, iná fóònù ń tàn sí i lójú, ó ń fi owó ilé-ìwé lé owó tí tẹ́tẹ́ ti jẹ lálẹ́. Ẹ má lé owó tó ti lọ. Ibẹ̀ gan-an ni gbèsè ti ń wọlé.

Ẹ ya iye tí ẹ lè pàdánù sọ́tọ̀ kí ẹ tó ṣí áàpù. Ọ̀pọ̀ áàpù ló ní ibi tí ẹ ti lè dín iye tí ẹ ń san wọlé kù, tàbí kí ẹ ti ara yín mọ́ ìta, kí áàpù má gbà yín wọlé fún oṣù mélòó kan. Ti báǹkì ló ràn wá lọ́wọ́ jù: a dín iye tí àbúrò mi lè fi ránṣẹ́ lójúmọ́ kù, káàdì ATM rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ìyá wa. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sílẹ̀ o, a ò fipá gbà á.

Ẹni tó bá ti ń purọ́, tó ń yáwó ta á, àìsàn ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) náà kà á mọ́ àìsàn. Ẹ lọ rí dókítà ọpọlọ ní EKSUTH, ilé-ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, l'Adó, kí ẹ sì sọ ọ́ gbangba pé tẹ́tẹ́ ni. Gamblers Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú tẹ́tẹ́, náà ń ṣèpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹni tójú bá ń tì, kó kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀. A ó jọ lọ.