Àmì fún Gbogbo Ojú, Àmì fún Ojú Kan: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé

Níbi tí wọ́n ti ń rin gààrí, àpò ẹ̀gẹ́ bí ogún lè wà lábẹ́ jáàkì lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn rí bákan náà, gbogbo wọn ló ń ro omi. Síbẹ̀, kò sí ìyá tó máa gbé tẹlòmíràn. Ọ̀kan ti so àkísà pupa mọ́ ẹnu tirẹ̀, èkejì fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà dì í, ẹ̀kẹta ki ewé bọ abẹ́ okùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí omi ti fà, kálukú á gba ibi ẹrù rẹ̀ lọ tààrà. Àkísà yẹn ò tó nǹkan tí èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ mú nílẹ̀, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan yẹn, òun ló dúró fún iṣẹ́ ọdún kan.

Ohun tí ìwé pélébé yìí dá lé nìyẹn: àmì, ohun kékeré tó dúró fún ohun ńlá. Nílé ìwòsàn, táálì là ń pè é. Lórí mítà iná, tókìn. Àwọn baba wa ní ààlè, wọ́n ní àrokò. Orúkọ wọn pọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì yẹ ká máa bi ara wa nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ta ló yẹ kó rí i? Àmì kan wà tó jẹ́ pé àfi bí aráyé bá rí i ló tó ṣiṣẹ́. Òmíràn wà, ọjọ́ tí ojú kejì bá ti kàn án, ó bàjẹ́.

Èyí tí gbogbo ojú gbọ́dọ̀ rí

Ẹnì kan ṣẹ́ igi ìdáná jọ sẹ́bàá ọ̀nà oko, ó wá fi ṣúkù àgbàdo kọ́ ọ lórí, tàbí bàtà tó ti gbó, tàbí ìkarahun ìgbín. Ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó gbédè ààlè mọ ohun tó ń sọ: ṣúkù ti pàdánù gbogbo ọmọ ara rẹ̀, bàtà ti gbó kọjá lílò, ìgbín ti kú kúrò nínú ìkarahun. Bí o bá fọwọ́ kan ẹrù yìí, wo bí àwọn wọ̀nyí ṣe parí. Ààlè kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Ẹnu olóko ni, tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀. Nítorí náà, ibi tí àwọn tó ń kọjá ti gbédè rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní oko etí títì márosẹ̀, níbi tí ọkọ̀ àjèjì ti lè dúró lóru kó bẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ, ẹ má fi ààlè nìkan ṣe odi. Ẹ tètè bẹ́ èyí tó bá ti gbó, kí ẹ sì bá àwọn olóko ẹ̀gbẹ́ yín ṣètò bí ẹ ó ṣe máa ṣọ́ ọ.

Pérégún náà, àmì ni. Ẹ̀ka rẹ̀ lásán tí a bá kì bọ ilẹ̀ á hù, ẹ̀rùn kì í sì í sọ ewé rẹ̀ di gbígbẹ bọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbìn ín sí ààlà oko. Ṣùgbọ́n pérégún kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí nílé ẹjọ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kó tó di pé òjò dé, ẹ pe ẹni tí ẹ jọ pààlà, ẹ mú ọmọ tiyín àti ọmọ tirẹ̀ dání, kí ẹ jọ rìn ín yíká. Èyí tó bá kú, ẹ jọ gbin òmíràn sípò rẹ̀ lójú ara yín. Bí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ bá ti ri òpó kọnkéré tó ní nọ́ńbà mọ́lẹ̀, ẹ má ṣe hú u nítorí pé ó ń dí ebè lọ́wọ́. Ẹ da nọ́ńbà rẹ̀ kọ sínú ìwé.

Ìṣákọ́lẹ̀, ohun tí a ń gbé lọ fún onílẹ̀, ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ lọ́nà. Wọ́n rò pé owó ilẹ̀ ni, bí ọdún bá le, wọ́n á ní ti onílẹ̀ ò ṣe pàtàkì. Iṣu mélòó kan, garawa epo, tàbí owó díẹ̀, iye rẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀. Ẹni tó gbé e wá ń sọ pé “mo mọ̀ pé ilẹ̀ yìí ní ẹni tó ni ín,” ẹni tó gbà á ń sọ pé “èmi ni mo fi ọ́ síbẹ̀.” Ẹ rí i pé ó ń dáàbò bo ẹni méjèèjì. Onílẹ̀ a máa fojú fo iṣu tó kéré, ṣùgbọ́n kì í fojú fo iṣu tí kò dé. Ẹ má dá gbé e lọ, ẹ mú ẹlẹ́rìí kan dání. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ kọ ọjọ́ àti ohun tí ẹ gbé lọ sínú rẹ̀, kí bàbá onílẹ̀ tẹ ìka sí i tàbí kó buwọ́ lù ú. Bí bàbá bá papò dà lọ́la tí àwọn ọmọ ń jà, ìwé yẹn ni yóò bá yín sọ̀rọ̀.

Èyí tó ní ẹni tí a ń fi hàn

Láyé àrokò, ẹni tí a rán kì í sábà mọ ohun tó ń gbé lọ. Bí wọ́n bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, ẹ̀fà ni: ọkàn mi ń fà sí ọ. Bí o bá dá mẹ́jọ padà, ẹ̀jọ ni: ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹyọ méjì tó kọjú síra ń sọ ti ìrẹ́pọ̀, bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, nǹkan ti bàjẹ́ láàárín yín. Ọmọ tó gbé e lọ kàn mọ̀ pé òun di owó ẹyọ lọ́wọ́ ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Káàdì alájọ wà ní ìsọ̀rí yìí. Ẹ̀yin àti alájọ nìkan ló kàn. Ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló máa ń wà lórí rẹ̀, owó ọjọ́ kan níbẹ̀ sì jẹ́ ti alájọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ yín ni káàdì gbọ́dọ̀ máa gbé. Alájọ tó bá ní kí ẹ jẹ́ kó bá yín tọ́jú rẹ̀ ń fẹ́ jẹ́ alájọ, akọ̀wé àti adájọ́ pọ̀. Bíró ni kó fi máa fàlà, lójú yín, kì í ṣe pẹ́ńsù.

Ní 2012, nígbà tí Akinwumi Adesina jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù fún àgbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ ajílẹ̀. Nígbà náà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn gba àpò méjì ní ìdajì owó lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ti di àpò ajílẹ̀ nìyẹn. Èyí tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá tún fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún irú ètò bẹ́ẹ̀ ni pé nọ́ńbà fóònù ara yín ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má fi ti alága ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹ má fi ti ọmọ tó wà l'Ékòó sílẹ̀. Ẹni tó ni fóònù ló ni ajílẹ̀.

Tókìn iná

Tókìn ni nọ́ńbà tí a ń tẹ̀ sórí mítà kí iná tí a rà tó wọlé. Ogún nọ́ńbà ni, wọ́n sábà máa ń tò ó ní mẹ́rin-mẹ́rin kó lè rọrùn láti tẹ̀. Ohun tó yani lẹ́nu nípa rẹ̀ ni pé olè kò lè jí i. Mítà kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń wọlé. Nítorí náà bí ọmọ yín bá rà á ní Ìbàdàn, ó lè pè é fún yín lórí fóònù láàárín ọjà, kò séwu. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tó lọ tẹ̀ ẹ́ sórí mítà tirẹ̀, iṣẹ́ òfo ló ṣe.

Nọ́ńbà mítà ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Èmi tí mò ń kọ èyí jẹ ìyà rẹ̀ rí. Lálẹ́ Sátidé kan mo ra iná 5,000 náírà lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tà á, mo pe nọ́ńbà mítà fún un láti orí, mo pe 6 níbi tí 9 wà. Tókìn dé. Mo tẹ̀ ẹ́, mítà kọ̀ ọ́. Mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ẹni pé mítà máa ṣàánú mi. Orúkọ onímítà wà gàdàgbà lórí ìwé tó fún mi, orúkọ ẹni tí mi ò mọ̀ rí, mi ò sì wò ó kí n tó sanwó. Òkùnkùn la fi sun mọ́jú. Ẹ kọ nọ́ńbà mítà yín sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà gan-an, ẹ dà á kọ sórí fóònù, kí ẹ sì gbọ́ orúkọ ara yín lẹ́nu ẹni tó ń tà á kí ẹ tó mú owó jáde.

Àwọn èèyàn máa ń bi wá pé kí ló dé tí 1,000 náírà kì í fún àwọn àti aládùúgbò ní iye kan náà. Owó orí VAT, tó jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, á kọ́kọ́ kúrò, ìyẹn nǹkan bí 70 náírà nínú 1,000. Èyí tó kù ni wọ́n máa fi iye yúníìtì kan pín, iye yẹn sì yàtọ̀ láti báńdì sí báńdì, ìyẹn ìsọ̀rí tí wọ́n pín àwọn oníná sí. Báńdì A ni wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́ fún, báńdì E wákàtí 4, owó wọn kò sì lè dọ́gba. Ní ti bí yúníìtì ṣe ń lọ: áyọ́ọ̀nù tó jẹ́ 1,000 wáàtì á jẹ yúníìtì kan tán ní wákàtí kan, gílóòbù 10 wáàtì á lo ọgọ́rùn-ún wákàtí kó tó jẹ ẹ́ tán. Ẹ kó aṣọ jọ, kí ẹ lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹni tó bá ní ilé lábúlé tó ti tì pa tipẹ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Ètò tókìn yìí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, ń ka ìṣẹ́jú láti January 1, 1993. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìkà náà kún ní November 24, 2024, bí ìgbà tí agbè bá kún tí kò gba omi mọ́. Mítà tí wọn kò bá tíì tún ṣe nítorí èyí kò ní gba tókìn tuntun. Kò bàjẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní òmíràn. Ẹ lọ béèrè nọ́ńbà ogún-ogún méjì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ iná yín, ẹ tẹ àkọ́kọ́, ẹ tẹ ìkejì, lẹ́yìn náà kí ẹ tó tẹ èyí tí ẹ fowó rà.

Èyí tí ojú kejì kò gbọ́dọ̀ rí

Nọ́ńbà tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù nígbà tí owó bá fẹ́ kúrò nínú àkáǹtì, OTP ni wọ́n ń pè é. Ó jọ tókìn iná lójú, nọ́ńbà ni àwọn méjèèjì. Ibi tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti ń ṣìnà gan-an nìyẹn: wọ́n ti mọ́ ọn lára láti máa pe tókìn iná fún èèyàn lórí fóònù, wọ́n wá pe èyí náà.

Gbájúẹ̀ kan á pè, ohùn rẹ̀ á tutù: “Ẹ kú iṣẹ́ mà, báńkì yín ni. BVN yín fẹ́ dáwọ́ dúró. Nọ́ńbà kan ń bọ̀ lórí fóònù yín báyìí, ẹ bá mi kà á.” Nọ́ńbà á sì wọlé lóòótọ́, ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́. Ó ti ní nọ́ńbà àkáǹtì yín, ó ti tẹ iye tó fẹ́ kó, ilẹ̀kùn kan péré ló kù, ó sì ń bẹ̀ yín kí ẹ bá òun ṣí i. Àrokò ni báńkì fi ránṣẹ́ sí yín, kò rán ẹnikẹ́ni wá gbà á padà. Òṣìṣẹ́ báńkì tòótọ́ kò nílò rẹ̀. Bákan náà ni PIN lọ́dọ̀ oní-POS: ẹ̀yin ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí oní-POS kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nọ́ńbà mẹ́fà ti WhatsApp náà ò gbẹ̀yìn. Ẹni tí ẹ bá fún á gba orúkọ yín, á sì máa fi tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ẹbí.

Bí ó bá ti bọ́ lẹ́nu yín, ẹ má jókòó kẹ́dùn. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì báńkì yín lójú ẹsẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ti àkáǹtì pa, kí ẹ sì dé báńkì kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ó ku àwọn ìyá àti bàbá tí kì í ka àtẹ̀jíṣẹ́ fúnra wọn. Ẹ yan ẹnì kan nínú ilé, ẹnì kan péré, tí yóò máa bá yín kà á. Kì í ṣe ọmọ tó bá ń kọjá, kì í ṣe ọlọ́kadà. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n bá sì yàn náà mọ iṣẹ́ yín: bí Màmá bá na fóònù sí yín níwájú èrò, ẹ má pariwo nọ́ńbà síta. Ẹ sọ pé, “Kóòdù ni, mà, ti báńkì ni. Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ fowó ránṣẹ́?” Bó bá ní rárá, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ dá fóònù padà sọ́wọ́ rẹ̀.