Bí Mo Ṣe Fi Rédíò Tẹ̀lé Oòrùn Láti Ìdájí Dé Ọ̀gànjọ́

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ò ṣòro láti sọ: níbi tí mo wà ní Ìbàdàn yìí, bándì rédíò wo ló ń ṣí, kí ohùn láti ọ̀nà jíjìn lè wọlé, ní wákàtí wo? Àwọn àgbà ìdí rédíò hámù, ìyẹn àwọn tó ń fi rédíò tara wọn bá ara wọn sọ̀rọ̀ káàkiri ayé, á sọ fún yín pé mítà 40 ni ti òru, mítà 10 sì ni ti ọ̀sán (gígùn ìgbì ni wọ́n fi ń pe bándì; bí MHz rẹ̀ bá ṣe ń ga sí i ni ìgbì ń kúrú sí i). Mo gbà wọ́n gbọ́, àmọ́ mo fẹ́ fi etí ara mi gbọ́ ọ, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Mo yan Sátidé kan tí kò sí òde kankan fún mi láti lọ, mo gbé ìwé àti bírò ti rédíò, mo bẹ̀rẹ̀.

Rédíò mi ò tóbi. Tecsun PL-330 ni, bátìrì BL-5C tí a ń fi sínú Nokia ayé ìjọ́sí ló ń lò, ọwọ́ àwọn tó ń tún fóònù ṣe ni mo sì ti ń rà á. Ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó ní SSB, ọ̀nà tí àwọn hámù ń gbà fi ohùn ránṣẹ́. Láìsí SSB, ohùn àwọn hámù á kàn máa kùn wúyẹ́wúyẹ́ ni, ẹ ò ní dá ọ̀rọ̀ kan mọ̀. Lábẹ́ 10 MHz, LSB, ẹ̀yà rẹ̀ ti ìsàlẹ̀, ni wọ́n ń lò. Lókè rẹ̀, USB, ẹ̀yà ti òkè, ni. Ara eríàlì ni mo fi iṣẹ́ sí jù: wáyà iná ẹlẹ́yọ kan, nǹkan bíi mítà 15, láti ojú fèrèsé dé ara igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, mo fi okùn ọ̀rá so ìparí rẹ̀ kí wáyà má bàa fara kan igi. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí wáyà NEPA, kó má lè já lé e lórí láéláé. Tí òjò bá sì ti ń ṣú, kíá ni mo ń yọ ọ́ kúrò lára rédíò, tí mo ń jù ú síta.

Aago márùn-ún ìdájí ni mo tan án. Aago wa fi wákàtí kan ṣáájú UTC tí gbogbo hámù àgbáyé ń lò, nítorí náà 04:00 ni mo kọ sínú ìwé. Orí 10 MHz ni mo kọ́kọ́ lọ, níbi tí WWV ti ń ka aago láti Fort Collins ní Colorado, l'Amẹ́ríkà. Ó ń ró kọ́, kọ́, kọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tí ìṣẹ́jú bá ti fẹ́ pé, ohùn ọkùnrin kan á sọ aago tó fẹ́ lù. Ohùn náà ń lọ, ó ń bọ̀, àmọ́ mo gbọ́ ọ tó láti fi tún aago ọwọ́ mi ṣe. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà ò gba kí aago fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún yẹ̀.

Mo bọ́ sórí 7 MHz, ìyẹn mítà 40. Àwọn ará Ítálì àti Sípéènì ló kún ibẹ̀, wọ́n ń kí ara wọn. Bí oòrùn ṣe yọ ni ohùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ, híhó lásán ló kù. Oòrùn ló fà á. Ìpele kan wà lókè orí wa, láàárín kìlómítà 60 sí 90, tí wọ́n ń pè ní D. Ọ̀sán nìkan ló máa ń wà, ìgbì tí MHz rẹ̀ kò ga ni ó sì máa ń gbé mì jù. Ìpele F tó ń dá ìgbì padà sílẹ̀ ayé wà lókè rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìgbì tó bá ga tó ló lè la D kọjá dé ibẹ̀ kó sì padà sọ́dọ̀ wa. Ìdí nìyẹn tí bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹni tó ń gbọ́ rédíò náà gbọ́dọ̀ máa gòkè.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí: àwọn beacon, ìyẹn rédíò tó ń dá ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ kí èèyàn lè mọ̀ bóyá bándì ṣí. Àwọn ẹgbẹ́ hámù NCDXF àti IARU ló gbé wọn kalẹ̀, 18 ni wọ́n káàkiri ayé, kò sí èèyàn nídìí wọn, orí 14.100, 18.110, 21.150, 24.930 àti 28.200 MHz ni wọ́n ti ń kígbe ní ìtòtẹ̀lé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gba ìṣẹ́jú àáyá 10, ìṣẹ́jú 3 ni gbogbo wọn fi ń yípo. Lórí 14.100, bí ìyípo bá bẹ̀rẹ̀, New York ló ń ṣíde. Ní ìṣẹ́jú kan àti àáyá 40, ó kan ZS6DN (orúkọ tó ń jẹ́ lórí afẹ́fẹ́) ti Gúúsù Áfíríkà. Ní ìṣẹ́jú méjì géérégé, 4X6TU ti Ísírẹ́lì. Àáyá 10 lẹ́yìn rẹ̀, OH2B ti Finland. Ẹ rí i pé ẹni tí kò gbọ́ Morse, àmì tó ń dún kúkúrú àti gígùn dípò lẹ́tà, rárá lè mọ ẹni tó ń dún, tí aago rẹ̀ bá ṣáà ti pé. Àwọn kan nínú wọn lè dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nítorí àtúnṣe, ẹ má jẹ́ kó rú yín lójú.

Beacon kọ̀ọ̀kan á fi Morse sọ orúkọ rẹ̀, á wá dún lẹ́ẹ̀mẹrin, gbọọrọ gbọọrọ. Wáàtì 100 ni ti àkọ́kọ́, 10 ni ti èkejì, 1 ni ti ẹ̀kẹta, 0.1 ni ti ìkẹyìn. Ní aago mẹ́jọ àbọ̀ àárọ̀, lórí 14.100, mo gbọ́ méjì lára ti Ísírẹ́lì; ẹ̀kẹta rì sínú ariwo. Nígbà tó di aago mọ́kànlá, mo bọ́ sórí 21.150, mo fi gbohùngbohùn etí sétí, mo di ojú. ZS6DN dé. Ó sọ orúkọ. Ọ̀kan. Èkejì. Ẹ̀kẹta ti tín-ín-rín. Ìkẹrin náà sì wà níbẹ̀, mo búra, ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣùgbọ́n ó wà. Mo dúró de ìyípo mìíràn kó lè dá mi lójú, mo tún gbọ́ ọ. Wáàtì 0.1! Gílóòbù tọ́ọ̀ṣì ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì rin ohun tó lé ní 4,000 kìlómítà dé ara wáyà tó wà lórí igi máńgòrò.

Ní aago méjì ọ̀sán, NEPA mú iná. Ariwo tó ti bo gbogbo bándì láti àárọ̀ dákẹ́ wọ̀ọ̀, bí ẹni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀nà jíjìn ló ń dí ìgbọ́ràn lọ́wọ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣájà fóònù, gílóòbù LED, íńfátà àti kọ́ntírólà sólà tó wà láàárín ilé wa àti ti aládùúgbò ló ń dí i. Nígbà tí iná padà dé, mo gbé rédíò náà kiri inú ilé, mo ń yọ nǹkan lára sókẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣájà pẹlẹbẹ kan tó wà ní yàrá ló burú jù. Bí mo ṣe yọ ọ́ ni ìdajì ariwo lọ. Iṣẹ́ yẹn dára fún ìgbọ́ràn mi ju eríàlì tuntun lọ.

Mo tún yẹ 14.074 wò, níbi tí àwọn onífóònù àti oníkọ̀ǹpútà ti ń fi FT8, ọ̀nà ìfiránṣẹ́ tí ẹ̀rọ ló ń kà á, ránṣẹ́ sí ara wọn ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Joe Taylor, tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ físíìsì ní 1993, wà lára àwọn tó ṣe é. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an, àmọ́ ohùn ènìyàn ni mo ń wá ní tèmi.

Mo rí i ní ìrọ̀lẹ́, lórí 28 MHz. Oòrùn ń ru gan-an lákòókò náà: oṣù kẹwàá 2024 ni NASA àti NOAA kéde pé ó ti dé àkókò tí ó máa ń ru jù nínú ìyípo ọdún mọ́kànlá rẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí mítà 10 ṣí gbayawu. "CQ dez metros, CQ dez metros," ni ọkùnrin kan ń pè, ìyẹn ni pé ó ń wá ẹnikẹ́ni tó bá lè dá a lóhùn lórí mítà 10, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara bíi pé Mọ́kọ́lá ló ti ń sọ̀rọ̀. PY6 ni orúkọ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí Bàhíà. Ọmọkùnrin kan nínú ọgbà wa ti wá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, èdè wo lèyí?"

"Èdè Pọtogí ni. Bàhíà ní Brazil ló wà."

"Níbi tí wọ́n ti ń bọ Ṣàngó?"

"Ibẹ̀ gan-an."

Ó jókòó, ó sì gbọ́ ọ títí ọkùnrin náà fi rí ẹni dá a lóhùn. Èmi ò lè dá a lóhùn ní tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ fọhùn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NCC, kó sì gba orúkọ tó fi 5N bẹ̀rẹ̀, mo sì ti ń múra sí i.

Lẹ́yìn tí ilẹ̀ ṣú, 28 MHz kú díẹ̀díẹ̀, 21 tẹ̀lé e, mítà 40 sì jí padà bí wọ́n ṣe sọ. Mo gbìyànjú 3.5 MHz ní ọ̀gànjọ́, àmọ́ àkókò òjò la wà, mànàmáná tó ń kọ lọ́nà jíjìn ń fọ́ mọ́ mi létí láìdáwọ́ dúró, n kò dá ohùn kankan mọ̀. Mo fi ojú ewé yẹn sílẹ̀ lófìfo nínú ìwé. Tí ọyẹ́ bá dé, tí òjò ti lọ, màá tún jókòó tì í.