Bí mo ṣe fi ọkà bàbà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n ṣe pankéèkì nílé

Pankéèkì tí a fi fúláwà funfun àti ṣúgà ṣe kì í pẹ́ nínú ọmọ. Kò ní pẹ́ tó jẹ ẹ́ tán tí ebi á tún fi máa pa á. Ìdí nìyí tí mo fi fi ọkà bàbà tí a lọ̀ pẹ̀lú èèrí rẹ̀ ṣe tèmi, tí mo sì jẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa rọ́pò ṣúgà.

Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni mo ti ra ọkà náà. Mo ṣà á, mo fọ̀ ọ́, mo sì sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ táútáú, nítorí ọkà tó bá ṣì tutù kì í kúnná. Nílé ẹ̀rọ, mo bẹ màmá tó ń lọ nǹkan pé kí wọ́n bá mi lọ̀ ọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ èlùbọ́, kì í ṣe ti ata, torí òórùn ata kì í kúrò lára ìyẹ̀fun bọ̀rọ̀.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o ò ní jọ̀ ọ́ ni?"

Mo ní, "Rárá o, mà. Èèrí yẹn gan-an ni mo ń fẹ́."

Èèrí ni kì í jẹ́ kí inú tètè ṣófo, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ìgbẹ́ yíyà rọrùn.

Mo lo ife ìyẹ̀fun 1, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ńlá 1, ẹyin 2, nǹkan bí ìdajì ife mílíìkì tí kò ní ṣúgà, ṣíbí kékeré 1 béékìn páúdà, iyọ̀ díẹ̀ àti atalẹ̀ tútù tí mo rin. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ṣe ń pọ́n sí i ni ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ń di ṣúgà, nítorí náà èyí tí èèpo rẹ̀ ti ní àmì dúdú, tó sì rọ̀ bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ni mo mú. Ṣùgbọ́n ṣúgà ni ṣúgà ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ dín in kù.

Ọkà bàbà kò ní gluten tí ń mú kí ìyẹ̀fun àlìkámà fà, ẹyin ló máa dì í mú. Mo ya funfun ẹyin sọ́tọ̀, mo sì lù ú títí ó fi hó, tó wá rí bí òwú. Mo gún ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo po gbogbo ìyókù pọ̀ mọ́ ọn, yàtọ̀ sí béékìn páúdà, mo sì fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 kí èèrí lè mu omi, kí ó má baà máa ta sí ọ̀fun. Ẹ má fo ibí yìí o. Ìgbà tí mo fẹ́ dín in ni mo tó da béékìn páúdà sí i, torí bó bá ti kan omi ló ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo rọra po funfun ẹyin mọ́ ọn, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ má baà jáde.

Mo fi òróró ẹ̀pà díẹ̀ nu ojú páànù, iná kékeré ni mo sì lò, nítorí ṣúgà ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń mú kí ìta jóná kí inú tó jinná. Mo dà á ní kékeré, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, torí èyí tó bá tóbi máa ń já nígbà tí a bá ń yí i. Nígbà tí ojú rẹ̀ yọ ihò wẹ́wẹ́, tí etí rẹ̀ sì gbẹ, mo yí i padà. Ìbẹ́pẹ àti ẹ̀pà lílọ̀ la fi jẹ ẹ́.

Mo rọ ìyẹ̀fun tó ṣẹ́ kù sínú ike tó ní ìdérí, mo sì gbé e sínú fìríìjì, nítorí ọ̀rá tó wà nínú ọkà tí a kò jọ̀ máa ń tètè kan. Ìwọ̀nba ni mo ń lọ̀ lẹ́ẹ̀kan.