Bí A Ṣe Ń Kọ́ni ní Ẹ̀kọ́ Májẹ̀mú Oore-Ọ̀fẹ́

Púpọ̀ nínú àwa tí à ń kọ́ni ní kíláàsì ìrìbọmi àti ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni ó máa ń fi ìtumọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ májẹ̀mú oore-ọ̀fẹ́, ìyẹn májẹ̀mú tí Ọlọ́run fi ń gba ènìyàn là lọ́fẹ̀ẹ́. A ó kọ ọ́ sára pátákó pé májẹ̀mú ni àdéhùn láàárín ẹni méjì, àwọn ọmọ kíláàsì á dà á kọ, ẹ̀kọ́ á sì ti wọ́ láti ibẹ̀. Ìtumọ̀ yẹn kò burú fún ẹni tó fẹ́ yá ilé tàbí tó fẹ́ ra ilẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ ìgbàlà, ohun tí yóò gbìn sọ́kàn àwọn ènìyàn ni pé Ọlọ́run ti ṣe tirẹ̀, ó ku kí àwa náà ṣe tiwa, ẹni tí tirẹ̀ kò bá sì pé ti pàdánù. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi pátákó sílẹ̀ ná, kí ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 15, kí ẹ sì jẹ́ kí ìbéèrè kan ṣoṣo máa tọ́ yín láti ibẹ̀ lọ: ta ni ó gba ègún májẹ̀mú náà sórí ara rẹ̀?

Ẹ ka orí náà sókè, ní wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ má sì fo ohunkóhun. Ọlọ́run ní kí Ábúrámù mú abo màlúù ọlọ́dún mẹ́ta wá, ewúrẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta, àgbò ọlọ́dún mẹ́ta, àdàbà kan àti ọmọ ẹyẹlé kan. Ábúrámù la àwọn ẹran náà sí méjì, ó tẹ́ ìlàjì kọjú sí ìlàjì, àwọn ẹyẹ nìkan ni kò là. Ẹ jẹ́ kí kíláàsì rí ọ̀nà tóóró tó wà láàárín àwọn ẹran náà, kí wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn wá sójú ọ̀nà yẹn, àti àwọn ẹyẹ ajẹran tó ń balẹ̀ sórí òkú ẹran tí bàbá arúgbó náà sì ń lé wọn. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn tó ń pa àgbò lẹ́yìnkùlé rí kò nílò àlàyé púpọ̀. Ó mọ bí ilẹ̀ ṣe ń rí, ó sì mọ iye àkókò tí eṣinṣin máa ń gbà kó tó dé.

Kí ni ọ̀nà tóóró yẹn wà fún? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú Jeremáyà orí 34, ibẹ̀ sì ni kí ẹ gbé kíláàsì lọ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Nígbà ayé ọba Sedekáyà, àwọn ìjòyè Júdà dá májẹ̀mú pé àwọn yóò dá àwọn ẹrú wọn tí í ṣe Hébérù sílẹ̀. Wọ́n la ọmọ màlúù sí méjì, wọ́n sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún yí ọ̀rọ̀ padà, tí wọ́n sì fipá kó àwọn ẹrú náà padà sábẹ́ ara wọn. Ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run sọ sí wọn ni pé bí wọ́n ti ṣe ọmọ màlúù yẹn ni òun yóò ṣe wọ́n. Ẹni tó bá gba àárín ẹran kọjá ń sọ pé, bí mo bá yẹ májẹ̀mú yìí, kí èmi náà dà bí ẹran yìí. Nínú èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún dídá májẹ̀mú ni "gígé", ìdí rẹ̀ kò sì fara sin mọ́.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Àwa náà mọ ìmùlẹ̀, tí ilẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí láàárín àwọn tó mu ún, tí ilẹ̀ kan náà sì jẹ́ onídàájọ́. Láti ibẹ̀ ni a ti rí "ọ̀dàlẹ̀", láti ibẹ̀ náà ni a sì ti ń sọ pé ẹni bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Ẹ lo àfiwé yìí láìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wọ́ ọ kọjá ibi tó lè dé. Ẹni méjì tó mulẹ̀ ni wọ́n jọ mu ún, ègún rẹ̀ sì dúró de àwọn méjèèjì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú Jẹ́nẹ́sísì 15 kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹsẹ 12 sọ pé nígbà tí oòrùn ń wọ̀, oorun ìjìkà kun Ábúrámù, ẹ̀rù òkùnkùn ńlá sì bò ó. Ọlọ́run sọ fún un pé irú-ọmọ rẹ̀ yóò jẹ́ àlejò ní ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn, a ó sì pọ́n wọn lójú fún 400 ọdún. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú tán, ìléru tó ń rú èéfín àti iná tó ń jó gba àárín àwọn ẹran náà kọjá. Èéfín àti iná yìí kan náà ni yóò tún yọ lórí òkè Sínáì nígbà tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ bá sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀. Nígbà kan tí mo kà á dé ibí, ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn bi mí pé, "Ábúrámù ńkọ́? Ìgbà wo ni òun náà máa wá kọjá?" Mo ní kí wọ́n jọ wá a. Wọ́n wá a títí dé ẹsẹ 21 tí orí náà parí sí, wọn kò rí i. Kíláàsì dákẹ́ lọ gbári, mo sì ká ìwé àkọsílẹ̀ tí mo mú dání, nítorí kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀ tó lè sọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ti ń kọ́ni, ẹ má ṣe sọ ọ́ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá Ábúrámù fúnra wọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ padà sí ẹsẹ 6, níbi tí a ti kọ ọ́ pé Ábúrámù gba Olúwa gbọ́, a sì kà á sí òdodo fún un. Orí ẹsẹ yìí ni Pọ́ọ̀lù dúró lé nínú Róòmù orí 4, ìṣirò ló sì fi jà. Ẹ ní kí kíláàsì mú bírò: ẹni ọdún 86 ni Ábúrámù nígbà tí a bí Íṣímáẹ́lì, ẹni ọdún 99 ni nígbà tí a kọ ọ́ ní ilà, orí 15 sì ti ṣáájú ìbí Íṣímáẹ́lì. Ó kéré tán, ọdún 13 ni a ti ka òdodo sí i lọ́rùn kí ọ̀bẹ tó kan ara rẹ̀. Pọ́ọ̀lù tún mú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ wá nínú Gálátíà orí 3: òfin dé ní 430 ọdún lẹ́yìn ìlérí, ohun tó sì dé lẹ́yìn kò lè pa ohun tó ti fìdí múlẹ̀ rẹ́. Ó máa ń dùn mọ́ mi pé ìwé Róòmù, tí Samuel Ajayi Crowther túmọ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1850, wà lára apá Bíbélì tó kọ́kọ́ dé ọwọ́ Yorùbá, nígbà tí odindi Bíbélì kò tíì pé títí di 1884. Àwọn baba wa ti ní ìṣirò yìí lọ́wọ́ tipẹ́.

Sínáì ni ibi tí ẹsẹ̀ olùkọ́ ti máa ń yọ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí n ní kí wọ́n to orí ìwé Ẹ́kísódù tẹ̀ lé ara wọn: ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ àgùntàn wà lára ilẹ̀kùn ní orí 12, wọ́n la òkun kọjá ní orí 14, orí 20 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kódà ní orí 20 yẹn náà, ẹsẹ 2 tí Ọlọ́run ti ní òun ni ó mú wọn jáde kúrò ní oko ẹrú ṣáájú ẹsẹ 3 tó kọ́kọ́ pàṣẹ. A kò fún wọn ní òfin kí wọ́n lè jáde ní Íjíbítì. Wọ́n ti jáde kí òfin tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bo orí 24 mọ́lẹ̀, níbi tí gbogbo ènìyàn ti dáhùn pé ohun gbogbo tí Olúwa wí ni àwọn yóò ṣe, tàbí orí 32 tí ère ọmọ màlúù ti dé. Àwọn onígbàgbọ́ kò fohùn ṣọ̀kan lórí bí májẹ̀mú tí Ọlọ́run dá ní Sínáì ṣe bá májẹ̀mú oore-ọ̀fẹ́ tan. Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ tí wọ́n kọ parí ní Westminster, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1646 sọ pé májẹ̀mú oore-ọ̀fẹ́ kan náà ni, pé bí a ṣe ń ṣàkóso rẹ̀ ló yàtọ̀ lábẹ́ òfin àti lábẹ́ ìhìn rere. Àwọn Onítẹ̀bọmi tó fọwọ́ sí ìjẹ́wọ́ ti 1689 kò gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ìjọ yín gbà fún kíláàsì yín, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn mìíràn wà tí wọ́n rí i lọ́nà mìíràn. Orúkọ náà "májẹ̀mú oore-ọ̀fẹ́" kò sí nínú Ìwé Mímọ́ bí a ṣe ń pè é yìí, gẹ́gẹ́ bí "Mẹ́talọ́kan" kò ti sí níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ ìjọ bíi Heinrich Bullinger, tó kọ ìwé lórí májẹ̀mú Ọlọ́run ní Zürich ní 1534, ni wọ́n ń kó ohun tí Bíbélì sọ jọ títí ó fi gba orúkọ.

Tí ẹ bá dé Jeremáyà orí 31, ẹsẹ 31 sí 34, tí ìwé Hébérù orí 8 tún kọ ní kíkún, ẹ ní kí wọ́n fa ìlà sí abẹ́ gbogbo ibi tí "èmi yóò" ti jáde. Èmi yóò fi òfin mi sí inú wọn, èmi yóò jẹ́ Ọlọ́run wọn, èmi yóò dárí àìṣedéédéé wọn jì. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n wá ibi tí àwọn ènìyàn ti ṣèlérí ohunkóhun padà, bí wọ́n ti ṣe ní Ẹ́kísódù 24. Ìwákiri yìí yóò jọ ti Ábúrámù.

Ọ̀rọ̀ tí mo rò pé ó yẹ kí a lo àkókò lé lórí jù lọ ni "onígbọ̀wọ́", èyí tí Hébérù 7:22 fi pe Jésù. A máa ń fi gbogbo ẹnu pè é ní Alárinà, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n alárinà lè parí ọ̀rọ̀ kó sì máa lọ sílé rẹ̀. Ẹni tó bá ti yá owó rí nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ mọ ẹni tí onígbọ̀wọ́ í ṣe: ó buwọ́ lùwé, orúkọ rẹ̀ sì wà lábẹ́ tìrẹ, bí oṣù bá pé tí a kò rí ọ, inú owó tirẹ̀ ni wọ́n ti máa yọ ọ́. Kristi kò bẹ̀bẹ̀ fún wa nìkan. Ó dúró sí ibi tí gbèsè ti lè kàn án. Nígbà tí Gálátíà 3:13 wí pé ó di ègún fún wa, ẹ gbé kíláàsì padà sí ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ẹran. Ègún tí Ọlọ́run gbà sórí ara rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí Ábúrámù ń sùn, ni ó wá san lórí igi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwa ni a yẹ májẹ̀mú, kì í ṣe òun.

Níbẹ̀ ni ẹ ti lè sọ̀rọ̀ nípa ìgbàgbọ́. Ọ̀rọ̀ náà "oore-ọ̀fẹ́" ti túmọ̀ ara rẹ̀ fún wa, oore tí a kò san kọ́bọ̀ lé lórí, síbẹ̀ àwọn ènìyàn máa ń gba ẹ̀yìn wọlé, wọ́n á sọ ìgbàgbọ́ di owó tí a fi rà á. Éfésù 2:8 kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ ni ọwọ́ òfìfo tí a fi gba ẹ̀bùn, ẹsẹ 10 ló sì wá sọ ipò iṣẹ́ rere: a dá wa fún un, a kò fi í rà wá padà. Bí ẹnìkan bá bi yín pé ṣé kí a wá máa dẹ́ṣẹ̀ lọ nígbà tí oore-ọ̀fẹ́ pọ̀ tó báyìí, ẹ má ṣe bínú sí i. Wọ́n ti bi Pọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, Róòmù orí 6 sì ni ìdáhùn rẹ̀. Ẹ kà á fún un.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ gedegbe, pàápàá láàárín wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ẹ̀jẹ́ ní májẹ̀mú: bí Olúwa bá fún mi ní ọmọ, bí ìwé ìrìnnà bá jáde, n ó ra àga sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀jẹ́ kò lòdì sí Bíbélì, àwọn Sáàmù kún fún un, ẹni tó bá sì jẹ́ ẹ kí ó san án. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ ni ohun tí a ń ṣe nítorí pé a ti wà nínú ilé. Kò sí ẹni tí ẹ̀jẹ́ mú wọlé rí. Bákan náà ni Ìsìn Májẹ̀mú tí àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì máa ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, èyí tí John Wesley bẹ̀rẹ̀ ní London ní 1755. Àwọn tó ń dìde dúró nínú ìsìn yẹn láti fi ara wọn lélẹ̀ fún Ọlọ́run ń dáhùn sí májẹ̀mú tí ẹlòmíràn ti dá, ó sì yẹ kí olùkọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn kí ọjọ́ ìsìn náà tó pé.

Ẹ fi ẹ̀kọ́ ìkẹyìn sí ọ̀sẹ̀ tí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa bá bọ́ sí, bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì 15:17, níbi tí iná ti gba àárín ẹran kọjá, kí ẹ sì ka Lúùkù 22:20 tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, níbi tí Jésù ti gbé ago dání nínú yàrá òkè tó sì pè é ní májẹ̀mú titun nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí a ta sílẹ̀ fún wọn. Kí ẹ tó sọ ohunkóhun, ẹ tún bi wọ́n ní ìbéèrè ìyá àgbà yẹn, kí ẹ sì fún wọn láyè láti dáhùn.