Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí a bá ń fi GPS gidi kún sìmúlétọ̀ bàálù nílé

GPS tí wọ́n fi sínú sìmúlétọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ kì í pẹ́ sú èèyàn. Lẹ́yìn oṣù méjì mẹ́ta, ẹni tó ń wa Cessna lórí kọ̀ǹpútà nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Sùúrùlérè á bẹ̀rẹ̀ sí í wá GNS 530 tàbí GTN 750 ti Garmin, irú èyí tó wà nínú bàálù kéékèèké gan-an, tí gbogbo bọ́tìnnì ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó rà á, ó fi sí i, ó gbéra ní Ìkẹjà, kò sì rí Àbújá bà sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó rà kò ní àbùkù kankan. Bí ẹni ń lo Google Maps láti Ojúẹlẹ́gbà lọ sí CMS ló ń lò ó: á tẹ orúkọ ibi tó ń lọ, á wá jókòó kí nǹkan máa júwe ọ̀nà fún un. GPS bàálù kò mọ ìyẹn. Bó bá ṣe jọ gidi tó ni yóò ṣe máa bi yín ní ohun tó ń bi páílọ́ọ̀tì gidi, tí ẹ kò bá sì dá a lóhùn, ibi tó wà ló máa dúró sí.

Kí a rà á ká tó béèrè ohun tó bá a mu

Reality XP, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe àfikún, ń ta GNS àti GTN fún sìmúlétọ̀ X-Plane, ó sì ń tà á fún FSX àti Prepar3D, tí àwọn náà jẹ́ sìmúlétọ̀. Kò sí ti Microsoft Flight Simulator nínú rẹ̀. Licence X-Plane kò sì ṣiṣẹ́ lórí Prepar3D. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. TDS GTNXi, ìyẹn GTN ti ilé iṣẹ́ TDS, wà fún àwọn tó ń lo Microsoft Flight Simulator. PMS50 náà, tó ń ṣe irú GPS yìí, Microsoft Flight Simulator nìkan ni tirẹ̀, ó ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ó ní èyí tí a ń sanwó fún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti ọ̀fẹ́. Bí kò bá wọ inú bàálù tí ẹ fẹ́ràn, ẹ kò tíì pàdánù kọ́bọ̀, nítorí dọ́là tàbí yúrò ni wọ́n ń gbà, ẹ sì mọ bí káàdì náírà ṣe máa ń ṣe sí ìyẹn.

Reality XP àti TDS kò gbé ọpọlọ GPS náà wá fúnra wọn. Trainer tí Garmin fúnra rẹ̀ ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń gùn lé, ìyẹn sọ́fítíwíà tí páílọ́ọ̀tì fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ náà nílẹ̀. Tí ẹ kò bá kọ́kọ́ fi trainer yìí sórí kọ̀ǹpútà, ojú GPS á dúdú kirimú, ẹ ó sì máa bú ẹni tí kò ṣẹ̀ yín. PMS50 kò nílò trainer ní tirẹ̀.

Ohun kan ṣì kù: bàálù tí ẹ fẹ́ fi í sí. Airbus A320 àti Boeing 737 ní kọ̀ǹpútà ìrìnnà tiwọn, kò sí àyè GTN nínú wọn. Bàálù kéékèèké ló ni ín. Lára àwọn yẹn náà, ọ̀pọ̀ ló nílò àfikún kékeré kan tó máa yọ GNS 530 kúrò lójú dáṣíbọọ̀dù kí GTN 750 lè jókòó síbẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí orúkọ bàálù yín gan-an kí ẹ tó sanwó.

Fólídà inú fólídà

Nínú Microsoft Flight Simulator, Community ni gbogbo àfikún ń gbé. Ẹ tú zip, Windows á fún yín ní fólídà kan, tí ẹ bá ṣí i, fólídà mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà wà nínú rẹ̀. Èyí tó wà nínú lẹ máa gbé sínú Community. Àmì rẹ̀ kò ṣòro: tí ẹ bá ṣí i lẹ́ẹ̀kan péré, ó yẹ kí ẹ rí layout.json àti manifest.json. Tí ó bá jẹ́ fólídà lẹ tún rí, sìmúlétọ̀ kò ní rí nǹkan kan, kò sì ní sọ fún yín pé òun kò rí i. Tí ẹ kò bá mọ ibi tí Community wà, ẹ wá fáìlì UserCfg.opt, ìlà tó ní InstalledPackagesPath ló máa tọ́ka sí i. Ti Steam yàtọ̀ sí ti Microsoft Store.

Ọjọ́ orí dátà

Àtẹ ọ̀nà òfurufú máa ń yí padà ní ọjọ́ 28, 28. AIRAC ni wọ́n ń pè é. Nọ́ńbà rẹ̀ rọrùn láti kà: 2501 ni àkọ́kọ́ fún ọdún 2025, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní. Mẹ́tàlá ló máa ń wà lọ́dún. (Ọdún 2020 ní mẹ́rìnlá, èyí kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́.)

Wàhálà ibẹ̀ kì í ṣe pé dátà yín gbó. Dátà tó gbó ṣì ń gbé bàálù délé, tí gbogbo nǹkan bá gbó pọ̀. Ohun tó ń da nǹkan rú ni kí ètò ìrìnnà wá láti SimBrief ọ̀fẹ́, ojúlé tó ń ṣètò ìrìnnà bàálù, tí AIRAC rẹ̀ kì í ṣe ti òní, kí sìmúlétọ̀ wà lórí dátà tuntun tí Navigraph ń tà, kí GPS náà tún máa ka ohun mìíràn. Orúkọ àmì ojú ọ̀nà kan ti yí padà láàárín wọn, GPS á sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n, tàbí kó fo ó, kí ìlà ọ̀nà fà gbọọrọ lọ síbi tí ẹ kò fẹ́.

Ẹni tó sanwó fún Navigraph ló sábà máa ń ṣe àṣìṣe tó tẹ̀ lé e. Ó rò pé gbogbo GPS inú kọ̀ǹpútà òun ti di tuntun. PMS50 ń ka dátà sìmúlétọ̀, nítorí náà Navigraph á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Reality XP àti TDS ń ka dátà inú trainer Garmin, Navigraph kò sì lè fọwọ́ kan ìyẹn. Tí ẹ bá ń lo irú èyí, ẹ ka orúkọ àmì kọ̀ọ̀kan lójú GPS kí ẹ tó gbéra.

LOS kì í ṣe Lagos níbí

LOS àti ABV ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, òun ló wà lórí àmì tí wọ́n ń so mọ́ àpótí. GPS bàálù kò lò wọ́n. Lẹ́tà mẹ́rin ló ń béèrè: DNMM ni Murtala Muhammed, DNAA ni Àbújá, DNIB ni Ìbàdàn, DNIL ni Ìlọrin. DN ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ti Nàìjíríà. Ẹni tó tẹ LOS lè rí àmì mìíràn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbòmíì lágbàáyé, tó bá tẹ ENT (bọ́tìnnì ìfọwọ́sí) lẹ́ẹ̀mejì láìwo ojú rẹ̀, bàálù á yí imú síbẹ̀. Láti Ìkẹjà sí Àbújá kò ju nǹkan bíi 275 nautical mile lọ. Tí GPS bá kọ 4,000, ẹ dúró.

CDI: ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú

Lórí GNS 530, bọ́tìnnì CDI, èyí tó ń yan ohun tí abẹ́rẹ́ ìtọ́sọ́nà ń tẹ̀ lé, wà nísàlẹ̀ lápá òsì. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ tó wà lókè rẹ̀ á yí láti GPS sí VLOC. Tó bá wà lórí GPS, abẹ́rẹ́ àti autopilot (ẹ̀rọ tó ń wa bàálù fúnra rẹ̀) ń tẹ̀ lé ìlà tí ẹ yà lórí àtẹ. Tó bá wà lórí VLOC, rédíò ilẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́: VOR tó ń júwe ọ̀nà, tàbí ILS tó ń darí bàálù sọ̀kalẹ̀ sí rọ́nwéè. Ojú kan náà, abẹ́rẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀gá méjì.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹ ti ń bọ̀ láti àríwá fún ILS rọ́nwéè 18L ní Ìkẹjà. Ẹ ti tẹ APR, bọ́tìnnì autopilot fún ìbalẹ̀. Abẹ́rẹ́ dúró ṣánṣán láàárín, bàálù ń lọ tààrà, ọkàn yín balẹ̀. Àmì ìsọ̀kalẹ̀ kò mira. Ní 3 nautical mile sí rọ́nwéè, ó yẹ kí ẹ wà ní nǹkan bíi 1,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè ilẹ̀. Ẹ wo altimeter, aago gíga: 2,500 ṣì ni. Ẹ kọjá lórí Agége bẹ́ẹ̀, ẹ wo rọ́nwéè látòkè bí ẹni ń wo ọjà láti orí afárá. CDI ló ṣì wà lórí GPS. Ìlà GPS àti ìlà ILS dùbúlẹ̀ síbi kan náà, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi fura.

Bí ó ṣe yẹ kó lọ nìyí. Ẹ pe ọ̀nà ìbalẹ̀ náà jáde láti bọ́tìnnì PROC. GNS á gbé nọ́ńbà ILS sí VLOC, ṣùgbọ́n apá ìdúró ló máa gbé e sí, kò ní fi ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọfà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ VLOC kó bọ́ sókè. Ẹ fi wé ṣáàtì. Nígbà tí ẹ bá ti kọjú sí ìlà ìbalẹ̀, tí ẹ kò tíì dé àmì ìkẹyìn, ẹ yí CDI sí VLOC. Ìgbà náà lẹ tó máa tẹ APR. Ẹ má ṣe pa ipò wọn dà: tí ẹ bá tẹ APR kí ẹ tó yí CDI, ọ̀pọ̀ autopilot á ju APR sílẹ̀, á bọ́ sí ROL, bàálù á kàn máa fò lọ láìní ọ̀gá. Kí ẹ sì wà nísàlẹ̀ ìlà ìsọ̀kalẹ̀ kí ẹ tó pàdé rẹ̀. Autopilot kì í lépa rẹ̀ látòkè.

Èkejì nínú ìdílé kan náà ni kí a tẹ Activate níbi tó yẹ ká tẹ Load. Load kàn ń so ọ̀nà ìbalẹ̀ mọ́ ìdí ètò ìrìnnà. Activate ń sọ pé ẹ gbàgbé gbogbo ohun tó kù, ẹ lọ síbẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá tẹ Activate lórí Ìlọrin á rí i pé bàálù ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá sì pa ìbalẹ̀ tì tí ẹ tún gòkè, SUSP á yọ lójú GNS. Kò bàjẹ́. Ó ń dúró dè yín ni. Ẹ tẹ OBS kó tẹ̀ síwájú.

Síkírínì, nọ́ọ̀bù àti wáyà Ọ̀tígbà

Síkírínì ínǹṣì 7 tó fẹ̀ gbọọrọ ló pọ̀ jù ní Computer Village, òun náà ni ọ̀pọ̀ ń rà fún GTN 750 torí pé ojú GTN 750 jẹ́ ínǹṣì 6.9. Ìṣirò náà jọ òtítọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́. Àwòrán GTN 750 jẹ́ 600 ní fífẹ̀, 708 ní gíga, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí onígun mẹ́rin dídọ́gba. Lórí síkírínì 16:9 tó jẹ́ ínǹṣì 7, gíga rẹ̀ kò ju ínǹṣì 3.4 lọ, nítorí náà GTN á sún kì títí á fi dà bíi ti ínǹṣì 4.5, pẹ̀lú dúdú lọ́tùn-ún lósì. Ìka yín á máa tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀. Ínǹṣì 8 tó jẹ́ 4:3, 1024 lórí 768, ló gbà á dáadáa. Ẹ mú rúlà dání lọ sí ọjà, ẹ wọn gíga, ẹ fi ìgun-dé-ìgun sílẹ̀ fún ẹni tó ń ta tẹlifíṣọ̀n.

Nínú Microsoft Flight Simulator, ẹ di Alt apá ọ̀tún mú, ẹ tẹ ojú GPS, á yọ jáde sí fèrèsé tirẹ̀. Gbogbo fèrèsé tó bá yọ ló ń jẹ agbára. Ẹ yọ ẹyọ kan tí ẹ nílò, kì í ṣe gbogbo dáṣíbọọ̀dù.

Ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan nọ́ọ̀bù GNS 530 pẹ̀lú Arduino (pátákó kọ̀ǹpútà kékeré) àti sọ́fítíwíà MobiFlight, kó má ra Arduino Nano. Nọ́ọ̀bù méjì tó jẹ́ onípele méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ẹsẹ̀ wáyà 5, bọ́tìnnì 14 tún wà, ìyẹn ti di 24 kí ẹ tó ka ti ohùn. Arduino Mega 2560 ló gbà á. Tí ẹ bá yí nọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan tí nọ́ńbà fò lẹ́ẹ̀mejì, tàbí tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ gbọ́dọ̀ yí i kó tó mira, nọ́ọ̀bù kò bàjẹ́. Irú detent (ìdúró tí nọ́ọ̀bù máa ń ṣe bí ẹ bá ń yí i) tí ẹ yàn nínú MobiFlight ni kò bá a mu. Ẹ yí i sí òmíràn, ẹ tún un dán wò. Bí kọ̀ǹpútà kò bá sì rí Arduino rárá, ẹ kọ́kọ́ fura sí wáyà: ọ̀pọ̀ wáyà USB olówó pọ́ọ́kú iná lásán ló ń gbé, kì í gbé dátà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi driver CH340 sí i, torí irú chip yẹn ló wà lórí ọ̀pọ̀ èyí tí kì í ṣe ojúlówó.

Tábúlẹ́ẹ̀tì, dátà àti iná

Little Navmap, sọ́fítíwíà àtẹ òfurufú, jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì lè gbé àtẹ sórí fóònù yín: ẹ tan web server rẹ̀, ẹ ṣí àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà yín nínú búráúsà pẹ̀lú :8965 nídìí rẹ̀. ForeFlight, áàpù àtẹ fún páílọ́ọ̀tì, ń gbọ́ X-Plane lójú pọ́ọ̀tì 49002. Méjèèjì á dákẹ́ tí kọ̀ǹpútà bá wà lórí Wi-Fi kan tí tábúlẹ́ẹ̀tì wà lórí òmíràn, tàbí tí Windows bá ka Wi-Fi yín sí Public. Ẹ yí i sí Private. Hotspot fóònù ti tó. Ohun tó ń kọjá láàárín kọ̀ǹpútà àti tábúlẹ́ẹ̀tì kì í jẹ dátà yín.

Ní ti iná, UPS 650VA kì í sábà gbé ju nǹkan bíi 360 watt lọ. Kọ̀ǹpútà tó ń sáré sìmúlétọ̀ pẹ̀lú káàdì àwòrán ńlá lè kọjá ìyẹn, UPS á ké lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ á kú. Ètò ìrìnnà tí ẹ fi ìṣẹ́jú 15 tẹ̀ sínú GNS á bá a lọ. Lórí GNS tó ń lo trainer, ètò tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni nọ́ńbà 0, àyè 1 sí 19 sì wà fún ìpamọ́. Kí ẹ tó kúrò níbi ìgúnlẹ̀, ẹ tẹ FPL (bọ́tìnnì ètò ìrìnnà), ẹ tẹ MENU, ẹ yan Copy Flight Plan, ẹ tẹ ENT. Tí iná bá padà dé, ibẹ̀ ni ẹ ti máa pè é.