Alsatian ni àbí Boerboel? Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ kí ajá tó wọlé

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi mí jù nípa ajá ni pé, nínú Alsatian àti Boerboel, èwo ni kí àwọn rà? Kí ẹni náà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti wo fọ́tò àwọn méjèèjì títí lórí fóònù. Wọ́n ti sọ fún un pé Alsatian gbọ́n, pé Boerboel lágbára, pé olè kì í sún mọ́ ilé tí ọ̀kan nínú wọn bá wà. Èmi náà á wá bi í ní tèmi: Ta ló máa ń wà nílé lọ́sàn-án? Ọmọ ọdún mélòó ló kéré jù níbẹ̀? Ṣé Màmá máa ń wá láti ìlú? Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú ọgbà, àbí ẹ̀yin àti àwọn ayálégbé mìíràn? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń há sí i lẹ́nu. Ó ti fi ajá wé ajá tán, kò tíì fi ìkankan nínú wọn wé ilé rẹ̀. Mo ti rí ohun tí èyí máa ń dá sílẹ̀, fún èèyàn àti fún ajá, ó sì ń dùn mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ má ra ajá nítorí pé ojú rẹ̀ ń dẹ́rù bani

Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ wádìí nípa ajá ni iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ sin àwọn baba ńlá rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ò tíì kúrò lára rẹ̀.

Ajá tí a mọ̀ sí Alsatian, German Shepherd lorúkọ rẹ̀ gan-an. Max von Stephanitz, ọ̀gá ṣọ́jà kan ní Jámánì, ló bẹ̀rẹ̀ ìran náà ní ọdún 1899 láti ara àwọn ajá tó ń da àgùntàn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò fẹ́ gbọ́ ohun tó jọ Jámánì létí mọ́, wọ́n bá sọ ajá náà ní Alsatian, orúkọ yẹn la sì ń pè é títí dòní. Ajá adàgùntàn kì í jókòó. Láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń rìn yí agbo ká, tó ń wo ojú darandaran, tó ń retí ohun tí yóò sọ. Ẹ wá mú irú ajá bẹ́ẹ̀ wá sínú ọgbà kékeré kan ní Àkóbọ̀ tàbí Ìkòròdú, kí gbogbo ilé jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí wọ́n má dé títí di aago mẹ́jọ alẹ́. Ó máa wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀. Á gbẹ́ ilẹ̀, á ya bàtà jẹ, á gbó gbogbo ewé tó bá mì, títí aládùúgbò yóò fi wá fẹjọ́ sùn.

Boerboel ní tirẹ̀, South Africa ló ti wá. Boer túmọ̀ sí àgbẹ̀ lédè àwọn òyìnbó ibẹ̀. Oko wọn jìnnà síra, ìrànlọ́wọ́ ò sí nítòsí, ajá ló ń ṣọ́ ilé, ìyàwó, ọmọ àti ẹran. Kò sẹ́ni tó máa dúró tì í láti sọ fún un pé àjèjì lẹni tó ń bọ̀ yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pinnu. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń fà mọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ gan-an, tó sì máa ń fura sí àlejò. Ní ọdún 2010, ìjọba Denmark kà á mọ́ irú ajá 13 tí wọ́n fòfin dè. Mi ò sọ èyí láti ba Boerboel lórúkọ jẹ́. Mo ti rí èyí tí ọmọ tó ń rá sùn lé lẹ́yìn tí kò mira fún bíi wákàtí kan. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ohun tí ẹ fẹ́ mú wọlé ṣe tó ni.

Ẹ tún wo ìwọ̀n. Akọ German Shepherd tó ti dàgbà máa ń wọ̀n tó 30 sí 40 kílò. Akọ Boerboel lè kọjá 70. Àpò sìmẹ́ǹtì kan, 50 kílò ni. Ní ìkómọ kan tí mo lọ ní Ìbàdàn, Boerboel onílé já wọ àárín àwọn ọmọdé. Inú kò bí i, ìrù rẹ̀ ń jù fìrìfìrì, ó kàn fẹ́ kí wọn ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta kan dúró lórí àtẹ̀gùn, àkàrà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ajá náà fi èjìká kàn án péré, ọmọ náà ṣubú, ó fi ẹnu gbá etí àtẹ̀gùn, eyín iwájú méjì sì kán. Ajá náà dúró tì í, ó ń lá ojú rẹ̀, gbogbo èèyàn sì ń pariwo pé ajá ti fẹ́ pa ọmọ jẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n ń rà á, inú apẹ̀rẹ̀ ló wà, kò sẹ́ni tó rò ó pé yóò wúwo ju ìyá ọmọ lọ.

Ẹ má gbàgbé àwọn tí kò gbé ilé yín

Wọ́n á ní irú ajá báyìí dára fún ìdílé. Ìdílé tí òyìnbó ní lọ́kàn ni bàbá, ìyá àti ọmọ méjì. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Àbúrò ìyàwó máa dé láìsọ tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ máa wá ṣàdúrà nírọ̀lẹ́, ọmọ aládùúgbò máa wá bu omi, ẹni tó ń ka iná máa kan géètì. German Shepherd tí wọ́n bá tètè fi mọ èèyàn máa ń gba àlejò tí ọ̀gá rẹ̀ bá ti gbà. Boerboel lè gba àlejò yẹn lónìí tí ẹ wà níbẹ̀, kó sì ní òun ò mọ̀ ọ́n rí lọ́la tí ẹ kò sí nílé. Bí géètì yín bá máa ń ṣí sílẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Boerboel sílẹ̀.

Nínú ẹbí púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló jọ ń gbé. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ò ní fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí wọ́n fi ń kírun. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ajá tó dé, kí ẹ jọ fi ààlà sí ibi tí ajá ò gbọ́dọ̀ dé. German Shepherd máa ń tẹ̀ lé èèyàn láti yàrá dé yàrá, irun rẹ̀ sì ń re yípo ọdún. Irun Boerboel kúrú, àmọ́ itọ́ máa ń kán lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń gbélé ẹlòmíràn, ẹ gba ìyọ̀ǹda onílé kí ẹ tó sanwó ajá.

Ẹ má gba ọmọ ajá tí kò tíì tó gbà

Èyí ló dùn mí jù, torí èmi gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí. Ọmọ Alsatian ni mo rà. Ẹni tó tà á fún mi ní ọ̀nà ilé òun jìn, kí a pàdé lẹ́bàá títì. Inú páálí ló gbé e sí. Ó ní ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó sì fún mi ní káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára tí òǹtẹ̀ àti déètì wà lára rẹ̀. Mi ò rí ìyá ajá, mi ò sì bèèrè, torí ọmọ mi obìnrin ti gbé e mọ́ra, ó ti ń wá orúkọ fún un.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó kọ oúnjẹ. Lálẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, omi funfun tó ń hó bí ọṣẹ. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ẹ̀jẹ̀ ló ń yà, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ó wọ́ ara rẹ̀ wá bá mi, ó gbé àgbọ̀n lé orí ẹsẹ̀ mi, kò sì lè gbé e sókè mọ́. Dókítà ẹranko la ẹnu rẹ̀, ó fi ìka kan ẹ̀yìn erìgì, ó ní àwọn eyín ẹ̀yìn ò tíì yọ tán, ọmọ yìí ò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Parvo ni, àrùn kan tó máa ń ba ìfun ọmọ ajá jẹ́. Wọ́n fa omi sí i lára fún ọjọ́ méjì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó mọ́, ó ti kú.

Ẹni tó tà á ní òun á fún mi ní òmíràn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọpẹ́lọpẹ́ dókítà tó ní kí n má gbà á. Kòkòrò parvo máa ń wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọṣẹ lásán kì í pa á, bílíìṣì ló ń pa á lórí sìmẹ́ǹtì àti táìlì. Ọmọ ajá mìíràn tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé ì bá kú síbẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti sin ọmọ ajá mẹ́ta léraléra sínú ọgbà kan náà, tí wọ́n sì ń rò pé ayé ló ń ṣe wọ́n.

Nítorí náà, ẹ lọ sílé ẹni tó ń tà á. Ẹ rí ìyá ọmọ náà, kí ẹ sún mọ́ ọn. Bí ìyá bá ń wárìrì tàbí tó fẹ́ fa èèyàn ya níwájú ọ̀gá rẹ̀, ẹ máa lọ sílé yín. Ọmọ ajá gbọ́dọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kó tó kúrò lábẹ́ ìyá rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ó ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi eyín ṣeré láì dá ọgbẹ́ sára ẹnìkejì. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ máa ń bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, wọ́n á máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ẹ gbé káàdì tí wọ́n bá fún yín lọ fún dókítà ẹranko kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Egungun ìbàdí ni ìṣòro tó pa àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹ ní kí wọ́n mú bàbá àti ìyá rìn lójú yín. Àwọn kan fẹ́ràn German Shepherd tí ìdí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ gan-an, wọ́n ní ẹwà ni. Ẹ wò ó bó ṣe ń dìde nílẹ̀ kí ẹ tó pè é lẹ́wà. Ẹ má sì fún ọmọ ajá ńlá ní oògùn kálísíọ́ọ̀mù láìjẹ́ pé dókítà ló ní kí ẹ lò ó. Àpọ̀jù rẹ̀ máa ń ba egungun tó ń dàgbà jẹ́.

Ẹ má so ó mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án kí ẹ tú u sílẹ̀ lóru

Ọ̀pọ̀ ilé ló ń ṣe èyí, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ajá ṣe ń le. Ajá tó wà lórí ṣéènì látàárọ̀ kò mọ ọmọdé yàtọ̀ sí olè. Ẹsẹ̀ tó ń kọjá ló ń rí, òkúta tí àwọn ọmọ ń jù ló ń rántí. German Shepherd tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún máa ń yí po lójú kan títí ilẹ̀ yóò fi jin. Ti Boerboel burú jù, torí ìfura tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á di ìkórìíra, ara náà á sì tóbi tó láti fi hàn. Ẹ jẹ́ kó wà láàárín yín, kó mọ ohùn gbogbo yín. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé a kì í fọwọ́ kan ajá tó ń jẹun, tó ń sùn tàbí tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ má sì fi ọmọ kékeré àti ajá nìkan sílẹ̀, bó ti wù kí ajá náà níwà tó.

Ẹ mú un rìn láàárọ̀ kùtù tàbí nírọ̀lẹ́. Bí ọ̀dà títì bá gbóná jù fún àtẹ́lẹsẹ̀ yín, ó gbóná jù fún tirẹ̀ náà. Ẹ má fá irun German Shepherd nítorí ooru, irun yẹn ló ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn. Ẹ̀bà lásán kò tó ajá kankan nínú wọn. Ẹ sì máa wá eégbọn láàárín ìka ẹsẹ̀ àti nínú etí.

Bí ajá bá bu èèyàn jẹ, ì báà ṣe tiyín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ má da epo sí i, ẹ má fi irun ajá dí i. Bí àrùn dìgbòlugi bá ti fara hàn lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sẹ́ni tó ń yè é.

Bí ẹ bá ní kí n là á mọ́lẹ̀: ilé tí àwọn ọmọ ti tó ọdún mẹ́wàá, tí ẹnì kan ṣe tán láti mú ajá rìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ lójoojúmọ́, kí wọ́n lọ wo German Shepherd. Ilé tí fẹ́ǹsì rẹ̀ ga, tí àlejò ò pọ̀, tí àgbàlagbà ibẹ̀ sì ti sin ajá ńlá rí, Boerboel lè bá wọn gbé. Ilé tí gbogbo èèyàn ń jáde láti àárọ̀ dalẹ́, kí wọ́n má ra ìkankan.

Ilé tèmi ò bá ìkankan nínú wọn mu. Lẹ́yìn ọdún kan, a gba abo ajá ìbílẹ̀ kan nílé aládùúgbò, tí mo ti mọ ìyá rẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Kò wọ̀n ju kílò 15 lọ. Ọmọ mi sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Ìyá mi dé láti Ṣakí lánàá. Tanímọ̀la dìde lẹ́nu ọ̀nà, ó gbó lẹ́ẹ̀mejì, mo ní, "Tiwa ni o." Ó gbóòórùn báàgì Màmá, ó gbóòórùn etí aṣọ wọn, ó sì padà lọ dùbúlẹ̀.